Kọ Ọ́ Sílẹ̀: Ìmọ̀ràn Fún Obìnrin Tó Fẹ́ Fi Físíìsì Ṣe Iṣẹ́ Ìwádìí àti Ìkọ́ni Ní Yunifásítì

Ìwé àkọsílẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló tò sórí pẹpẹ lẹ́yìn àga mi ní ọ́fíìsì. Ẹ̀yìn wọn le, ojú ewé wọn ní nọ́ńbà, bírò ni mo sì fi kọ gbogbo ohun tó wà nínú wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí fún oyè másítà ni mo ti ń tò wọ́n, ó ti di ọdún mẹ́tàlélógún báyìí. Bí àwọn ọmọbìnrin tí mo ń kọ́ bá wá bi mí pé, "Mà, báwo lẹ ṣe ṣe é tẹ́ ẹ fi débí?" àwọn ìwé yẹn ni mo máa ń nawọ́ sí. Wọ́n máa ń rò pé mò ń yẹ ìbéèrè wọn sílẹ̀ ni. N kò yẹ̀ ẹ́ rárá. Ohun tí mo ní láti sọ fún ìwọ tó fẹ́ máa ṣèwádìí físíìsì, tó o sì fẹ́ máa kọ́ni ní yunifásítì, inú wọn ló wà: kọ ọ́ sílẹ̀, fi déètì sí i, fi orúkọ ara rẹ sí i.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Oyè àkọ́kọ́ máa ń gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, másítà ọdún kan tàbí méjì, PhD ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní postdoc, ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kí iṣẹ́ olùkọ́ tó fìdí múlẹ̀ tó yọjú. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 18, o lè ti lé ní 30 dáadáa kí wọ́n tó fún ọ ní yàrá tó ní orúkọ rẹ lára ilẹ̀kùn. Àwọn ọdún yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń lọ́kọ, tí wọ́n ń bímọ. Mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n látòní, kó má baà bá ọ lójijì.

Nípa ohun tó yẹ kó o mọ̀ kó o tó dé ìdí ìwádìí, n kò ní sọ púpọ̀. Má fi ìṣirò ṣeré: calculus, matrix àti statistics. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Python tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kó o sì lo ọwọ́ rẹ. Tú ẹ̀rọ palẹ̀, tò ó padà. Ní ọ̀pọ̀ láàbù, ọwọ́ ọkùnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sípánà lé, wọ́n á ní kí obìnrin máa bá wọn kọ nọ́ńbà. Na ọwọ́ tìrẹ náà sí sípánà.

Ẹni tó máa tọ́ ọ sọ́nà

Ọ̀gá tó máa bójú tó PhD rẹ ṣe pàtàkì ju orúkọ yunifásítì lọ. Ohun tí ojú mi rí nìyẹn, n kò sì tíì rí ohun tó yí mi lérò padà. Ọ̀gá tó mọ iyì èèyàn á gbé ọ ga nínú yàrá kékeré; èyí tí kò ka èèyàn sí á fọ́ ọ lọ́kàn nínú láàbù tó lẹ́wà jù láyé.

Kó o tó gbà fún ẹnikẹ́ni, wá àwọn tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kàn. Má fi mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣì wà níbẹ̀, torí ẹni tó ṣì ń retí lẹ́tà ìjẹ́rìí kò lè tú ikùn rẹ̀ tán. Bi wọ́n léèrè pé: ọdún mélòó lẹ lò kẹ́ ẹ tó ṣe tán? Orúkọ ta ló máa ń ṣíwájú lára iṣẹ́ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe? Àwọn obìnrin tó gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, ibo ni wọ́n wà báyìí? Bí ẹni tó ò ń bi ní ìbéèrè kẹta yìí bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, fetí sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Èmi bi ẹ̀gbọ́n kan tó ti jáde ní ọdún méjì ṣáájú mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Prof máa ń dá èèyàn lóhùn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Wọ́n máa ń ka iṣẹ́ ẹni. Bírò pupa á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á kà á délẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ò bá wá wọn lọ, wọn ò ní wá ọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà mí là. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń kan ilẹ̀kùn Prof pẹ̀lú ojú ewé kan ṣoṣo: ohun tí mo ṣe, ohun tí mo rí, ohun tó rú mi lójú. Àwọn tó bá mi bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń dúró kí wọ́n pè wọ́n lo ọdún kan àti ààbọ̀ jù mí lọ. Wọn kò gọ̀ jù mí lọ rárá.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ra èyí tí wọ́n rán ẹ̀yìn rẹ̀, tí ewé rẹ̀ kò ní já. Kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé kó o tó lò ó. Lọ́jọ́ tó o bá wọ láàbù, kọ déètì àti aago sókè, kọ bí yàrá ṣe gbóná tó, kọ ẹni tó bá ọ ṣiṣẹ́. Kó o tó tan ẹ̀rọ, kọ ohun tó o rò pé wàá rí. Ìlà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun ni mo sì fẹ́ràn jù, torí bí nọ́ńbà bá ti jáde tán, ọkàn èèyàn á máa sọ fún un pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bó o bá ṣe àṣìṣe, fa ìlà kan ṣoṣo gbà á kọjá, kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ṣeé kà. Má ya ewé kankan. Kọ̀ǹpútà dára, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè yí padà láìfi àpá sílẹ̀ kò lè jẹ́rìí rẹ bí ewé tó ní nọ́ńbà.

Jẹ́ n fi ewé kan hàn ọ́. Ìwé kejì, ojú ewé 47. Iṣẹ́ tèmi ni láti da irin di ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára gíláàsì, èyí tó fẹ́lẹ́ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún irun orí. Kó tó ṣeé ṣe, a gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ inú àpótí irin kan jáde títí ohun tó kù á fi wálẹ̀ dé 10⁻⁵ millibar (millibar ni a fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó). Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni géèjì fi dúró sójú 10⁻³, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tí mò ń wá. Mo pààrọ̀ òróró pọ́ǹpù. Mo tún gbogbo nọ́ọ̀tì dè. Mo fi síríńjì kán acetone, kẹ́míkà olómi tó máa ń tètè gbẹ, sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń wo géèjì, torí bí acetone bá rí ihò gbà wọlé, géèjì á ta lójú ẹsẹ̀. Kò ta.

Ìdérí ńlá nìkan ni n kò kán an sí. Èmi fúnra mi ni mo dé e, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé mo dé e dáadáa. Lọ́jọ́ kejìlélógún, mo jókòó, mo ka gbogbo ohun tí mo ti kọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì rí i pé gbogbo ojú ìsopọ̀ ló ní àmì àyẹ̀wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, àyàfi ọ̀kan. Mo ṣí ìdérí náà, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ òrùka rọ́bà tó ń dí i. Fọ́nrán irun kan ló dábùú rẹ̀, kò gùn ju ìka lọ. Mo fi aṣọ tí kì í ta òwú nù ún, mo fi gírísì bíńtín pa rọ́bà náà, mo dé e padà. Kó tó di alẹ́, géèjì ti wà ní 10⁻⁵.

Ohun tí mo kọ sí ojú ewé 47 kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan tí mò ń tọ́ sọ́nà dúró síwájú mi, omi ti lé sójú rẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ̀rọ yẹn ò wálẹ̀ mọ́. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀." Mo nawọ́ sẹ́yìn, mo mú ìwé kejì fún un. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ohun tó tóbi ju tèmi lọ fíìfíì ti ti ibi àkọsílẹ̀ jáde. Lọ́dún 1967, Jocelyn Bell ń ṣe PhD ní Cambridge. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ojú ara rẹ̀ yẹ bébà tí ẹ̀rọ rédíò tó ń tẹ́tí sí ojú ọ̀run ń tẹ̀ jáde wò, nǹkan bíi 30 mítà bébà lójúmọ́. Ó rí àmì kan tó rí wúruwùru, tí kò tó ìdajì ìka. Ó rántí pé òun ti rí irú rẹ̀ rí, láti ibi kan náà lójú ọ̀run. Ó padà sínú àwọn bébà àtẹ̀yìnwá, ó wá a rí. Nígbà tí wọ́n wá mú kí bébà máa sáré gan-an kí àmì náà lè nà sílẹ̀, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́: ó ń lù kì, kì, kì, ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 1.337, kò yẹ̀. Bí pulsar àkọ́kọ́, ìràwọ̀ tó ń yí tí àmì rédíò rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa létòlétò, ṣe di mímọ̀ nìyẹn. Bell sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ti ń ba òun nígbà yẹn pé wọ́n máa tó mọ̀ pé òun kò yẹ ní Cambridge, wọ́n á sì lé òun, ìdí nìyẹn tí òun fi pinnu láti ṣe gbogbo nǹkan délẹ̀délẹ̀. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tí ẹ̀rù kan náà ń bà, torí èmi náà mọ ẹ̀rù yẹn dáadáa.

Orúkọ rẹ lára iṣẹ́ rẹ

Ẹ̀bùn Nobel físíìsì ọdún 1974, Antony Hewish, ọ̀gá Bell, ni wọ́n fún nítorí pulsar, pẹ̀lú Martin Ryle fún iṣẹ́ mìíràn; Bell kò sí nínú rẹ̀. Lise Meitner, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Otto Hahn, tó sì jókòó pẹ̀lú Otto Frisch, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ìparí 1938 láti ṣàlàyé bí àárín átọ́ọ̀mù uranium ṣe ń là sí méjì, kò sí nínú ẹ̀bùn tí wọ́n fún Hahn fún ọdún 1944. Emmy Noether, onímọ̀ ìṣirò, kọ́ni fún ọdún mélòó kan ní Yunifásítì Göttingen, ní Germany, lórúkọ ọkùnrin tó ń jẹ́ David Hilbert, torí pé obìnrin kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ni lórúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìdí tí mo fi kó àwọn orúkọ yìí sílẹ̀ ni pé iṣẹ́ tó dára nìkan kì í dáàbò bo ẹni tó ṣe é.

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí mò ń ṣe postdoc, mo ṣí ìwé ìwádìí tuntun láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì rí àwòrán tèmi nínú rẹ̀, ìlà tí mo fi oṣù mẹ́rin wọ̀n, tòun ti ibi tó ti yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí iná lọ tó tún dé. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Ara mi tutù. N kò pariwo. Mo mú ìwé kẹsàn-án, mo ya fọ́tò ojú ewé 112 sí 131 tòun ti déètì wọn, mo kọ lẹ́tà tí kò ju ojú ewé kan lọ sí ẹni tó jẹ́ olórí wa, mo béèrè fún àtúnṣe. Oṣù mẹ́jọ ló gbà. Wọ́n tẹ àtúnṣe jáde, orúkọ mi sì wà lára iṣẹ́ náà títí dòní. Bí kò bá sí ojú ewé 112, ọ̀rọ̀ ẹnu mi lásán ni wọn ì bá gbọ́, ẹnu tèmi sì ni ó kéré jù nínú ilé yẹn.

Nítorí náà, ṣe báyìí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, ẹ sọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa ṣíwájú àti ohun tó lè yí i padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé, fi ímeèlì kúkúrú ránṣẹ́ sí gbogbo wọn: "Ẹ ṣeun, Prof. Ohun tí mo gbọ́ ni pé èmi máa wọn èyí, ẹ̀gbọ́n wa máa ṣírò ìyẹn, èmi ni mo máa kọ́kọ́ kọ ọ́." Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ìdúpẹ́. Kó o tó tẹ iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ jáde, pinnu orúkọ tí wàá máa jẹ́ nínú ìwé ìwádìí, bóyá ti bàbá rẹ, bóyá ti ọkọ, bóyá méjèèjì, má sì yí i padà mọ́. Gba nọ́ńbà ORCID, ìdánimọ̀ olùṣèwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ẹyọ nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, á sì so gbogbo iṣẹ́ rẹ pọ̀ mọ́ ọ bí orúkọ rẹ bá tiẹ̀ yí padà. Mo mọ obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ pín sọ́nà méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìgbéyàwó, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbéga sì ka ìdajì.

Bí nọ́ńbà rẹ bá sì lòdì sí ohun tí àwọn àgbà gbà, má tètè gbé e lulẹ̀. Cecilia Payne fi hàn nínú iṣẹ́ oyè rẹ̀ lọ́dún 1925 pé hydrogen ló pọ̀ jù lára ìràwọ̀. Henry Norris Russell, àgbà nínú ìmọ̀ náà, sọ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, Payne sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àbájáde náà má jẹ́ òótọ́. Lọ́dún 1929, Russell fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn débi kan náà. Hydrogen ni. Tún un wọ̀n, jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n bó bá ṣì dúró, kọ ọ́ bó o ṣe rí i.

Béèrè

Nígbà tí Donna Strickland gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2018, fún ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú kí ìtànṣán lésà lágbára gan-an láàárín àkókò tó kúrú kọjá ìrònú, ipò associate professor, èyí tó wà lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ló ṣì wà. Àwọn oníròyìn béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní òun kò béèrè fún ipò ọ̀jọ̀gbọ́n rí. Iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn náà ti jáde láti 1985.

Mo lẹ ìròyìn yẹn mọ́ ògiri ọ́fíìsì mi. Ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dúró kí gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ sínú ìkéde iṣẹ́ pé lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kọ̀wé. Má dúró. Ní gbogbo oṣù kìíní ọdún, mo máa ń mú ìlànà ìgbéga, mo máa ń kọ ohun tí mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan: iye iṣẹ́ tó jáde, iye ọmọ tí mo tọ́ sọ́nà tó ṣe tán, owó ìwádìí tí mo rí gbà, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́. Ibi tó bá ṣófo ni mò ń kọjú sí lọ́dún náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ̀wé béèrè fún ipò olùkọ́ àgbà, wákàtí méjì ni mo fi kó fáìlì mi jọ, torí ó ti wà nílẹ̀.

Kọ iṣẹ́ tí kò ní ìyìn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣíṣe akọ̀wé ìpàdé, gbígba àlejò, títu ọmọ tó ń sunkún nínú, obìnrin ni wọ́n máa ń fi wọn lé lọ́wọ́. N kò sọ pé kó o kọ̀ wọ́n. Ka wákàtí wọn. Ní ọdún kan, mo gbé iye rẹ̀ lọ bá olórí ẹ̀ka wa: wákàtí 146. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo èyí." Wọ́n wò ó, wọn kò sọ̀rọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a bẹ̀rẹ̀ sí í yí iṣẹ́ akọ̀wé láàárín gbogbo wa.

Kíláàsì

Àwọn kan máa sọ fún ọ pé ìkọ́ni ń jí àkókò ìwádìí gbé. Ní oṣù kẹwàá 2023, wọ́n pe Anne L'Huillier lórí fóònù nígbà tó ń kọ́ni lọ́wọ́ ní Yunifásítì Lund, ní Sweden. Wọ́n fẹ́ sọ fún un pé ó ti gba ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tó gbọ́ tán, ó padà sínú kíláàsì, ó parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Mo gba obìnrin yìí gbọ́ ju àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yẹn lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó tán, kọ orúkọ rẹ sójú pátákó, fi Dókítà ṣíwájú rẹ̀. Nínú kíláàsì mi àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ìgbà wo ni olùkọ́ máa dé. Kò ní èrò burúkú. Kò tíì rí obìnrin kọ́ ọ ní físíìsì rí ni. Láti ìgbà yẹn, mi ò tíì wọ kíláàsì tuntun kí n má kọ ọ́.

Bẹ̀rẹ̀ látinú ohun tí wọ́n gbà gbọ́, má bẹ̀rẹ̀ látinú ìdọ́gba. Mo máa ń ju bọ́ọ̀lù kékeré sókè lójú wọn, mo máa ń béèrè pé: nígbà tó dé òkè pátápátá, tó dúró díẹ̀ kó tó yí padà, ipá wo ló wà lára rẹ̀? Mo ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí wọ́n nawọ́. Ó lé ní ìdajì tó máa ń sọ pé kò sí ipá kankan. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan dìde, ó ní, "Mà, kò sí ipá níbẹ̀, ó ti dúró." Mo ní, "Bó bá dúró, tí kò sí nǹkan tó ń fà á, kí ló mú un padà wá sílẹ̀?" Ó la ẹnu, ó pa á dé. Mo ní kí kálukú yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́ta jiyàn. Ariwo gba ilé. Nígbà tí mo ní kí wọ́n tún nawọ́, àwọn tó gbà á ti pọ̀ gan-an: eré rẹ̀ ti di òdo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayé kò dẹ́kun fífà á, eré náà sì ń yí padà ní 9.8 mítà fún ìṣẹ́jú àáyá kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, lókè yẹn gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lọ́nà. Eric Mazur bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni lọ́nà yìí ní Harvard lọ́dún 1991, ó sì ti tàn dé ibi gbogbo. Ó gba kí olùkọ́ lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìyẹn ló le jù.

Ní láàbù àwọn ọmọ ọdún kìíní, so òkúta mọ́ okùn tó gùn ní mítà kan. Yóò lọ, yóò bọ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọn lílọ-bíbọ̀ ẹyọ kan. Ọwọ́ èèyàn lórí aago lè yẹ̀ tó 0.2, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n ń wọ̀n, òòfà ayé tí wọ́n bá sì ṣírò látinú rẹ̀ lè fi ìdá kan nínú márùn-ún tàsé. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n wọn ogún pa pọ̀, kí wọ́n sì pín in. Àṣìṣe ọwọ́ kan náà ti pín sọ́nà ogún. Òòfà ayé tí wọ́n rí báyìí kò ní tàsé ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mo fẹ́ràn ojú wọn nígbà yẹn. Owó kankan kò wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ kankan kò wọ̀ ọ́, wọ́n sì ti kọ́ ohun tí àwa nínú láàbù ńlá ń ṣe lójoojúmọ́.

Bó o bá lóyún

Sọ fún ẹni tó ń bójú tó ààbò láàbù ní kété tó o bá mọ̀, kó o tó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ bó o bá fẹ́. Tó bá jẹ́ pé ò ń lo ẹ̀rọ X-ray tàbí ohun tó ń ta ìtànṣán, béèrè fún báàjì tó ń ka ìtànṣán tí wàá máa fi sí ibi ikùn. Ìmọ̀ràn ICRP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán, ni pé láti ìgbà tí obìnrin bá ti sọ pé òun lóyún, ohun tó máa kan ọmọ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bíi 1 millisievert (òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara) títí dìgbà ìbí. Máa kọ ohun tí báàjì bá kà sílẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn kẹ́míkà olóòórùn tí a fi ń fọ gíláàsì, fi wọ́n lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó o sì fi oṣù wọ̀nyẹn ṣírò, kó o fi kọ̀wé. Orí kẹta àti ìkẹrin iṣẹ́ PhD mi, inú oyún àkọ́bí mi ni mo ti kọ wọ́n.

Maria Goeppert Mayer ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgbowó, torí òfin tó ní kí wọ́n má gba tọkọtaya síṣẹ́ ní yunifásítì kan náà. Ó tọ́ ọmọ méjì, ó ṣàlàyé bí ohun inú àárín átọ́ọ̀mù ṣe tò ní ìpele ìpele, ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1963, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tó rí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbowó kíkún. N kò sọ èyí kó o lè máa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Má ṣe é. Gba owó rẹ, gba ìsinmi ìbímọ rẹ délẹ̀, kó o sì kọ oṣù tó o fi sinmi sínú CV rẹ ní kedere, kí àwọn tó ń ka iye iṣẹ́ rẹ lè fi pín in bó ṣe yẹ.

Lẹ́tà tí ìwọ náà máa kọ

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọbìnrin kan á wá bá ọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí." Ní ọ̀sẹ̀ kan, mo kọ méjì, ọ̀kan fún ọmọkùnrin, ọ̀kan fún ọmọbìnrin, mo sì tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí n tó fi ránṣẹ́. Nínú ti ọmọkùnrin, mo ti kọ ẹ̀rọ tó tún ṣe àti ohun tó ṣàwárí. Nínú ti ọmọbìnrin, mo ti kọ pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, pé ó máa ń tètè dé, pé gbogbo wa fẹ́ràn rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun, torí òun ló mọ iṣẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì. Mo lọ gba ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, mo ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́, mo sì tún lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀: "Ó wọn ìdènà iná nínú ìpele irin méjìlélógójì, ó rí i pé iye tí èmi fúnra mi ti tẹ̀ jáde ní ọdún méjì ṣáájú ga jù, ó gbé ẹ̀rí rẹ̀ wá bá mi, òun ló sì jàre."